Gígun òkè gíga pẹ̀lú ẹgbẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Okun

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń bi wá nígbà tí wọ́n bá rí wa tí à ń gun àpáta láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí èèyàn fi lè ti ibẹ̀ dé orí Kilimanjaro, òkè tó ga jù ní Áfíríkà, ní Tanzania. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹsẹ̀ lílágbára àti èémí gígùn ni gbogbo rẹ̀. Àdéhùn tí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń lọ bá ṣe nílé, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, ló ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ta ló yẹ kí n bá lọ?

Ẹni tó lè sọ pé "ó ti rẹ̀ mí" láì tijú. Mo fi èyí ṣáájú agbára, ìgboyà àti owó. Ní òkè gíga, ẹni tó bá ń fi ẹ̀fọ́rí pamọ́ kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ lè kó gbogbo yín sí wàhálà, torí ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà èèyàn, ẹ bá a rin ìrìn wákàtí márùn-ún nínú oòrùn, kí ẹ wá wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń rìn kẹ́yìn.

Ẹ wo bó ṣe ń pa àkókò mọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ ní kó dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó wá dé ní aago mẹ́jọ, ti sọ gbogbo yín di ẹni tí ilẹ̀ máa ṣú bá lójú ọ̀nà, a sì mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí lónìí. Ojúgbà iléèwé, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, olùkọ́, àgùnbánirọ̀ tó wá láti ibùdó Asáyà, gbogbo wọn ló lè bá yín lọ bí wọ́n bá ní ìwà méjèèjì yìí.

Èèyàn mélòó ló dára?

Mẹ́rin ni ó kéré jù. Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, àwọn méjì yòókù á lọ wá ìrànlọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa dá nìkan rìn. Bí ẹ bá ti ju mẹ́jọ lọ, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú tirẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó máa rìn níwájú, kí ẹni tó mọ ọ̀nà jù wà lẹ́yìn pátápátá.

Òkè wo la lè fi kọ́ ara nílé?

Àpáta kò wọ́n wa. Ẹni tó bá wọ Ògìdì rí mọ̀ pé àpáta ńláńlá ló yí ìlú náà ká. Kàbà wà láàárín òkè, àwọn ará Ìyàgbà náà sì ní tiwọn. Ẹni tó bá ń gbé Lọ́kọ́ja ní Òkè Pátí, tó ga tó nǹkan bí mítà 458 láti ojú òkun. Mọ́tò ń dé orí rẹ̀, èyí dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí bí ó bá rẹ̀ ẹ́ yóò rí ọ̀nà gbà sọ̀kalẹ̀. Láti òkè ibẹ̀ ẹ ó rí ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé.

Ẹ máa gùn ún pẹ̀lú ẹrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò márùn-ún nínú báàgì ẹ̀yìn, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di mẹ́wàá. Ẹ máa rìn lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, torí òkè gíga kì í fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ kan. Ẹ má sì gbàgbé ìsọ̀kalẹ̀. Lórí Kilimanjaro, ẹni tó bá gba ọ̀nà Machame yóò ti orí òkè, ní mítà 5,895, sọ̀kalẹ̀ dé ibùdó Mweka, ní nǹkan bí mítà 3,100, lọ́jọ́ kan náà. Orúnkún tí kò tíì mọ ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ṣé dandan ni ká gbàyè kí a tó gun òkè ìlú kan?

Dandan ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú Okun sá lọ. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ padà. Orí òkè wa kì í ṣe ilẹ̀ òfo rárá. Ẹ lè rí ojú ilé àtijọ́, àpáàdì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára àpáta. Ẹ má mú nǹkan kan níbẹ̀, kódà kó jẹ́ àfọ́kù ìkòkò.

Àwọn òkè kan ní ojúbọ. Àwọn mìíràn ti di òkè àdúrà, níbi tí àwọn Kristẹni ti ń gbààwẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àlejò tàbí obìnrin kò gbọ́dọ̀ gba ibì kan nítorí orò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ sọ ọjọ́, iye ènìyàn àti ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ńkọ́?

Òun ni ìbéèrè tó ń dùn wá jù, torí ilé wa ni. Bùnú àti Ìyàgbà ti fojú winá ìjínigbé, àwọn àgbẹ̀ kan ti fi oko wọn sílẹ̀. Ìdáhùn wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má lọ sí òkè kankan láì bá àwọn ọdẹ àti fijilanté ìlú náà sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ìròyìn oṣù tó kọjá kò wúlò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan nínú wọn bá yín lọ, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ má gbé àwòrán sórí ẹ̀rọ ayélujára títí ẹ ó fi délé, ẹ má sì kéde ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Òkè tí ọkàn àwọn ọdẹ kò bá balẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kó máa dúró.

Ìgbà wo nínú ọdún?

Nílé, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àpáta ń gbẹ tí ọ̀nà sì ń hàn. Ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run, àwọn ènìyàn sì máa ń dáná sun igbó, nítorí náà ẹ wo ibi tí èéfín ti ń bọ̀ kí ẹ tó wọ inú koríko gíga. Lásìkò òjò, àpáta á máa yọ̀, àrá sì ń wá ibi tó ga tó sì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àpáta pípá, ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Ejò fẹ́ràn pàlàpálá òkúta. Bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ náà má mira, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Òkè wa kò ha tó láti fi múra sílẹ̀ fún Kilimanjaro?

Ó tó fún ẹsẹ̀. Kò tó fún ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan bí mítà 2,500 ni ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà àìtó afẹ́fẹ́, òkè Gangirwal tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, ní Tàrábà, kò sì ju mítà 2,419 lọ. Kò sí ibì kankan ní orílẹ̀-èdè wa tí ẹ ti lè mú un mọ́ra. Ẹni tó lè sáré gun òkè Kàbà láì mí kanlẹ̀ lè ṣàìsàn ní mítà 3,500, kí ìyá àgbà tó ń rìn jẹ́jẹ́ kọjá lára rẹ̀ láìsí ewu. Agbára kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ lókè yẹn?

Ìdá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò yí padà, nǹkan bí ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni, nílé àti lórí òkè. Ohun tó dín kù ni ìwúwo afẹ́fẹ́ tó ń tì í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wa. Ní mítà 5,500, ó ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti etí òkun. Ara mọ bí ó ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọjọ́ púpọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ òní kò gbọ́dọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ lè gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, bí ẹ bá ti máa sọ̀kalẹ̀ wá sùn. Ọ̀nà Machame ń ṣe èyí dáadáa: ẹ ó gun dé Lava Tower, ní nǹkan bí mítà 4,600, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ sùn sí Barranco tí kò tó mítà 4,000. Àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ á máa sọ "pole pole" fún yín ní èdè Swahili, pé kí ẹ rọra. Ẹ gbọ́ tiwọn.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá fi ìrìn ọjọ́ márùn-ún tan yín torí owó rẹ̀ kéré, ẹ fi kún owó yín kí ẹ gba ti ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà fún ìrìn yìí, ọjọ́ tó pọ̀ sí i ni mo kà sí iyebíye jù.

Àmì wo la ó fi mọ̀ pé àìsàn òkè ti dé?

Ẹ̀fọ́rí ló ń ṣáájú, pẹ̀lú èébì tàbí àìlèjẹun, òòyì àti àárẹ̀ tí kò lọ. Ẹni tó bá ní èyí kò gbọ́dọ̀ gòkè sí i títí yóò fi lọ. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, kó sọ̀kalẹ̀.

Méjì ló ń pani. Èkíní ni kí ọpọlọ wú: ẹni náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní jọra, bóyá yóò máa bínú láìnídìí. Ẹ ní kó rìn lórí ìlà kan, kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Èkejì ni kí omi kún ẹ̀dọ̀fóró: èémí á máa há a nígbà tó jókòó, yóò máa wúkọ́, itọ́ rẹ̀ lè máa yọ ìfófòó tàbí kó pọ́n díẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn àwọn méjèèjì, lóru tàbí lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹnì kan tí ara rẹ̀ yá. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn dá nìkan sọ̀kalẹ̀ láé.

Ṣé oògùn kan wà tó ń dènà rẹ̀?

Àwọn dókítà máa ń kọ Diamox. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè mọ́ ọn, ó máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀ léraléra, ọmọ ìka á sì máa ṣe yìnìyìnnì. Ẹ kọ́kọ́ lò ó nílé kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin bá ti mú ara rẹ̀ wú tàbí yún rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ má pò ó mọ́ àgbo. Ọtí àti oògùn oorun kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù yín, wọ́n ń dín èémí kù lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ńkọ́?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bi wá ní èyí, torí ìwé tí àwọn òyìnbó kọ kì í sábà tẹnu mọ́ ọn, ó sì kan wa gidigidi. Kí gbogbo ẹni tó fẹ́ bá yín lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ mọ ti ara yín.

Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ lọ sí òkè gíga. Àìtó ọ́síjìn, òtútù àti òùngbẹ ni ohun tó ń jí ìrora fọ̀níkú-fọ̀ladìde dìde, gbogbo wọn ló sì pé sí ojú kan níbẹ̀. Ìfẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ gbà fún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ olórí ètò nílé, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mo sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Ọ̀pọ̀ AS ń gun òkè láìsí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ọ̀lọ inú (spleen) àwọn díẹ̀ lè bàjẹ́ níbẹ̀. Bí AS kan bá ní ìrora líle lábẹ́ egungun ìhà òsì, kì í ṣe inú rírun lásán. Kó sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ fún dókítà tó bá bá pàdé.

Ibà lè ṣe wá lórí òkè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀fọn kò sí lókè yẹn, ṣùgbọ́n ibà tí ẹ gbé láti ilé lè dìde níbẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Àìsàn òkè kì í sábà mú ara gbóná púpọ̀, nítorí náà bí ara ẹnì kan bá gbóná janjan, ẹ fura sí ibà.

Òkè wo ni ká fi ṣe àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti ilé?

Ìdànrè dára fún ìrìn ọjọ́ kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ. Ọbúdú, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,600, á kọ́ yín ní òtútù alẹ́. Gangirwal wà nínú ọgbà Gashaka-Gumti, Serti ni wọ́n sábà ti ń wọ̀ ọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni, kò sì sí ilé ìtura lọ́nà.

Lókè òkun, Òkè Kamẹrúùnù ló sún mọ́ wa jù. Ó ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì jẹ́ òkè tó ń yọ iná: ó yọ ọ́ ní 1999 àti 2000. Láti ìlú Buea ni wọ́n ti ń gùn ún. Ìjà ti wà ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù láti 2017, nítorí náà ẹ wádìí ààbò dáadáa kí ẹ tó rò ó.

Lórí Òkè Kenya, ẹni tí kò mọ okùn lò lè dé Point Lenana, mítà 4,985. Batian tó jẹ́ ṣóńṣó rẹ̀, mítà 5,199, jẹ́ ti àwọn tó mọ okùn. Kilimanjaro kò gba okùn, gíga rẹ̀ ló le. Oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àti oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, ni àsìkò rẹ̀.

Aṣọ wo la ó wọ̀?

Bí ẹ bá ti gun 1,000 mítà, òtútù á fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 sí 7 pọ̀ sí i. Oòrùn lè máa jó yín nísàlẹ̀ Kilimanjaro, kí omi inú ìgò dì lórí rẹ̀ lóru. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele mẹ́ta: èyí tó ń fa òógùn kúrò lára, èyí tó ń móoru, àti èyí tí atẹ́gùn àti òjò kò lè gbà kọjá. Aṣọ òwú kò dára, bó bá ti tutù kì í tètè gbẹ. Aṣọ tí àwọn ìyá wa ń hun ní Ògìdì rẹwà púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún òde.

Ọjà ọ̀kírìkà ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yà. Súwẹ́tà onírun àti jákẹ́ẹ̀tì òtútù tí kò sí ẹni tó ń rà á nílé wa máa ń wà nísàlẹ̀ òkìtì. Ẹ má ra bàtà níbẹ̀ o. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti pẹ́ lè ré kúrò láàárín ọ̀nà. Ẹ ra tuntun, kí ẹ fi gun òkè ilé títí yóò fi bá ẹsẹ̀ yín mu. Tọ́ọ̀ṣì orí, ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kò ṣeé fi sílẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́?

Kájú sísun, kúlíkúlí, àádùn, ẹ̀pà. Kájú pọ̀ nílẹ̀ wa, ó fúyẹ́, ó sì ní agbára. Ebi kì í sábà pa èèyàn lókè, nítorí náà ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Gàrí kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti sè. Ẹ mu lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́.

Báwo la ó ṣe tọ́jú owó?

Àjọ ni. Ẹ dá a lóṣooṣù, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa rí ìwé rẹ̀. Dọ́là ni owó ọgbà àti ti afinimọ̀nà, nítorí náà ẹ máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ kó má jẹ́ pé náírà ti rọlẹ̀ kí ẹ tó pé. Kí ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnì kan bá yọwọ́: èló ni yóò gbà padà, ìgbà wo? Ọ̀rẹ́ ọdún pípẹ́ ti tú ká nítorí ìlà kan yìí tí wọn kò kọ.

Òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni gun Kilimanjaro láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Aláàárù kò gbọ́dọ̀ ru ju kílò 20 lọ. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún wọn àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, torí ìrìn tó pọ̀jù ní ẹ̀dínwó, ara wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ fi owó ọpẹ́ wọn sínú àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà wo ni ká padà lẹ́yìn?

Ẹ fẹnu kò sí i nílé, kí ẹ kọ ọ́. Nígbà tí ó bá ku wákàtí kan kí ẹ dé orí, tí òtútù mú yín, tí ẹ sì ti ná owó ọdún méjì, kò sí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé tó láti ṣe ìpinnu tuntun. Ohun mẹ́ta ni kó wà nínú àdéhùn náà. Aago kan tí ẹ máa yí padà bí ẹ kò bá tíì dé. Ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà ni abẹ gé, kò sí àríyànjiyàn. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè sọ pé "mo ń padà", kò sì ní ṣàlàyé. Kí ẹ ti yan ẹni tí yóò bá a sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ó má jẹ́ pé orí òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara yín. A mọyì ẹni tó gbà láti ṣe iṣẹ́ yẹn ju ẹni tó ya fọ́tò lórí ṣóńṣó lọ.

Ọmọdé àti àgbà ńkọ́?

Ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ gun Kilimanjaro dé orí. Àgbà lè lọ bí dókítà bá ti wo ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ìwé wo la nílò?

Pásípọ́ọ̀tù tó ṣì ní oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Yellow card, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, torí Tanzania máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Kenya fi àṣẹ ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò físà ní oṣù kìíní 2024, ṣùgbọ́n ìlànà náà ti yí padà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà lẹ́yìn náà. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní tààrà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé adójútòfò, ẹ wá ìlà tó sọ bí òkè tí wọ́n máa bójú tó ṣe ga tó. Ọ̀pọ̀ kì í kọjá ibì kan.

Kí ni ẹni tó ń ṣètò nílé máa ń ṣe?

Òun ni yóò mú ìwé tó ní orúkọ, jẹ́nótáìpù, oògùn tí kálukú ń lò, nọ́ńbà ẹbí, ọ̀nà tí ẹ gbà, àti wákàtí tí ẹ sọ pé ẹ máa pè. Bí wákàtí náà bá kọjá, ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè àti ohun tí yóò sọ. Kó má máa rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn, kí fóònù rẹ̀ má kú.

Mi ò gun òkè kankan rí. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ́nótáìpù ní ọ̀sẹ̀ yìí. Wá bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, omi lítà méjì, fìlà, àti ohun jíjẹ díẹ̀. Wákàtí méjì ni ìrìn àkọ́kọ́, lórí òkè tí àwọn ọdẹ ti wò, a ó sì ti sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Aago mẹ́fà la ń gbéra.